Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìdí Tí Àwàdà Sinimá Aláìfọhùn Kò Fi Gbó

Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni méjì tí ó bá fẹ́ mọ òótọ́ inú ara wọn, kí wọ́n fojú kan ara wọn. Nítorí ẹnu lè purọ́, ṣùgbọ́n ojú kì í sábà lè pa á mọ́. Òwe yìí ni a fẹ́ fi ṣe àtẹ̀gùn lónìí láti dé orí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn mìíràn kà sí yẹpẹrẹ, ṣùgbọ́n tí àwa kò kà sí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn aláwàdà inú sinimá àtijọ́, ní ìgbà tí àwòrán ń rìn, tí ó ń sáré, tí ó ń ṣubú, tí ó sì ń dìde, ṣùgbọ́n tí kò lè fọhùn.

Ìbéèrè wa kò gùn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti ya púpọ̀ nínú àwọn àwòrán wọ̀nyí. Àwọn tí ó ṣe wọ́n ti kú tán. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ti di ohun àtijọ́. Mọ́tò tí wọ́n gùn ti di irin jíjẹrà. Kí ló dé nígbà náà, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fi ọ̀kan nínú wọn han ọmọ ọdún mẹ́fà lónìí, ní ìlú yòówù kí ó jẹ́, kí a tó ka ení-èjì, ọmọ náà ti bú sẹ́rìn-ín? Àwọn ọlọ́gbọ́n kan yóò dáhùn pé ẹ̀rín òpè ni. Pé ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín nítorí pé ẹnìkan yọ̀ ṣubú kò ní làákàyè. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò kí a tó dá ẹjọ́.

Ohun tí a ń sọ kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, ní gbọ̀ngàn ìrántí Glover ní ìlú Èkó, ni a kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han àwọn ará ìlú. Sinimá ìgbà náà kì í sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì bí omi àti ẹni tí kò gbọ́ ju kí a kí i lọ, ọgbọọgba ni wọ́n jókòó níwájú aṣọ funfun náà. Kò sí ògbufọ̀ láàrin wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Àwàdà inú sinimá fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà tó sinimá fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Lumière méjèèjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, fi àwòrán wọn han àwọn tí ó sanwó wọlé ní ìlú Paris, ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1895, ọ̀kan nínú àwọn àwòrán mẹ́wàá tí wọ́n fi hàn jẹ́ ti olùṣọ́gbà kan. Ó ń fi rọ́bà gígùn bu omi rin òdòdó. Ọmọkùnrin kan yọ́ wá láti ẹ̀yìn, ó fi ẹsẹ̀ tẹ rọ́bà náà mọ́lẹ̀, omi sì dá. Bàbá náà gbé ẹnu rọ́bà sókè láti wo ohun tí ó dí i. Ọmọ náà gbẹ́sẹ̀ kúrò, omi sì tú sí bàbá lójú. Kò pé ìṣẹ́jú kan tí gbogbo rẹ̀ fi parí. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọmọdé wà níbẹ̀, àgbà wà níbẹ̀, ìtànjẹ wà níbẹ̀, ìyà sì dé lẹ́yìn rẹ̀, nítorí bàbá náà lé ọmọ bá, ó sì nà án ní ìdí. Gbogbo àwàdà tí ó tẹ̀lé e fún ọgbọ̀n ọdún kò jìnnà sí èyí.

Irú àwàdà yìí, tí a lè pè ní àwàdà àṣubú-dìde, ni àwọn òyìnbó sọ ní orúkọ igi pẹlẹbẹ méjì kan tí a so pọ̀, tí àwọn aláwàdà ìlú Ítálì ayé àtijọ́ máa ń lò lórí ìtàgé. Bí a bá fi gbá ènìyàn, ariwo rẹ̀ a dún bí ẹni pé egungun fọ́, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ dunni. Ariwo ńlá, ìrora díẹ̀: àdéhùn tí ó wà láàrin aláwàdà àti ẹni tí ń wò ó nìyẹn.

Ẹni tí ó sọ àwàdà yìí di òwò ńlá ní Amẹ́ríkà ni Mack Sennett, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, tí ó dá ilé iṣẹ́ Keystone sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1912. Òun ni ó kó àwọn ọlọ́pàá ẹlẹ́fẹ̀ jọ, àwọn tí ó máa ń kún inú mọ́tò kan bí ẹja inú agbọ̀n, tí wọn kì í sì í rí olè kankan mú. Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n ń ta níbẹ̀. Ọwọ́ ni ayàwòrán fi ń yí ẹ̀rọ ní ìgbà náà. Bí ó bá rọra yí i nígbà tí ó ń yàwòrán, tí a sì wá fi àwòrán náà hàn ní ìwọ̀n eré tí a mọ̀, gbogbo ènìyàn inú rẹ̀ a máa sáré bí èèrùn tí a da omi gbígbóná sí. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó sanra a fò bí ìgalà, tí mọ́tò a sì kọjá níwájú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú ìwọ̀n ìka kan.

Ọ̀dọ̀ Sennett yìí ni ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kan tí à ń pè ní Charles Chaplin dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1913, fún owó 150 dọ́là lọ́sẹ̀. Ẹni tí yóò bá mọ ìdí tí ẹ̀rín Chaplin fi ní omijé nínú, kí ó kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ti wá. Ọdún 1889 ni a bí i. Akọrin ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ọtí gba bàbá lọ́wọ́ ilé, ó sì kú ní ọdún 1901. Orí ìyá dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ. Ọmọ náà kò ju ọdún méje lọ nígbà tí wọ́n mú un wọ ilé àwọn aláìní ní àdúgbò Lambeth. Ó mọ ebi. Kò kà á nínú ìwé.

Nígbà tí a ní kí ó wá aṣọ àwàdà wọ̀, ó mú ṣòkòtò tí ó tóbi jù ú lọ, ẹ̀wù tí ó fún un, fìlà kékeré, bàtà ńlá, irùngbọ̀n kín-ún ní ètè òkè, àti ọ̀pá ìtilẹ̀ bíi ti ọmọlúwàbí. Ní oṣù kejì ọdún 1914 ni àwọn ènìyàn kọ́kọ́ rí i nínú aṣọ yìí. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó dáadáa: láti ọrùn dé orí, ìjòyè ni, láti ìdí dé ẹsẹ̀, alágbe ni. Ọkùnrin tí kò ní ilé, tí kò ní owó, tí ó sì ń bọ fìlà fún obìnrin bí ẹni pé ó ní ààfin. Nígbà tí ó fi di ọdún 1916, owó rẹ̀ ti kúrò ní 150 dọ́là, ó ti di 10,000 dọ́là lọ́sẹ̀, láìka ẹ̀bùn tí wọ́n fi kún un. Ọmọ ilé àwọn aláìní fi àwòrán aláìní di olówó.

Nínú àwòrán rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1925, èyí tí ó dá lórí àwọn tí ń wá wúrà nínú òtútù, ebi pa òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nínú ahéré títí wọ́n fi se bàtà jẹ. Ó gé awọ bàtà bí ẹni gé ẹran ọdún. Ó ká okùn bàtà mọ́ fọ́ọ̀kì, ó sì jẹ ẹ́. Ó fa ìṣó kọ̀ọ̀kan lá bí ẹni tí ń fa mùdùnmúdùn inú egungun. Ohun dídùn dúdú kan tí a ń fi ṣe súìtì ni wọ́n fi ṣe bàtà náà, ṣùgbọ́n ebi tí ó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe súìtì. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín. Kò sí ibi tí a ti rí òwe yìí lójú kedere ju inú ahéré yẹn lọ.

Ẹnìkejì tí a kò lè ṣàì dárúkọ ni Buster Keaton, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Kansas ní ọdún 1895. Òun àti bàbá àti ìyá rẹ̀ jọ ń ṣeré kiri ni, iṣẹ́ bàbá sì ni kí ó gbé ọmọ rẹ̀ sọ lu ògiri ìtàgé níwájú àwọn ènìyàn. Wọ́n rán ohun ìdìmú mọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn kí ó lè rọrùn láti jù. Ọmọ náà kọ́ nǹkan kan níbẹ̀: bí òun bá rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ṣubú, àwọn ènìyàn kì í rín, bí òun bá di ojú mọ́rí, gbogbo ilé a wó fún ẹ̀rín. Láti ìgbà náà ni kò ti fi bẹ́ẹ̀ rẹ́rìn-ín mọ́ nínú eré.

Keaton kì í fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀ bí ewu bá dé, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú eré kan ní ọdún 1924, omi tí ó tú láti inú àgbá ńlá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè gbé e lulẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì kan irin. Orí fọ́ ọ díẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó tó ọdún mélòó kan kí dókítà tó sọ fún un pé ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ rí. Ní ọdún 1928, ó dúró lójú kan náà tí iwájú ilé odidi kan wó lù ú. Ojú fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀ ni ó gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ó bá ti sún ẹsẹ̀ díẹ̀ sí apá kan, ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé eré ọmọdé ni èyí, kí ó lọ dúró síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta wọn ni Harold Lloyd, ọkùnrin onígíláàsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1919, ó gbé bọ́ǹbù kan lọ́wọ́ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀; wọ́n rò pé ti eré lásán ni. Bọ́ǹbù náà bú, ó sì gé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí ó bo àléébù yìí, ni ó fi ṣe eré ọdún 1923 nínú èyí tí ó gun ògiri ilé gíga kan ní Los Angeles, tí ó sì rọ̀ mọ́ ọwọ́ agogo ńlá, tí ìgboro ń lọ tí ń bọ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òtítọ́ kò ní kí a má sọ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Orí òrùlé àwọn ilé mìíràn ni wọ́n kọ́ ògiri eré náà sí, kí ìgboro lè hàn nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nísàlẹ̀ tí ojú wa kò rí. Níbi tí a sì ti ń wò ó láti òkèèrè, ẹlòmíràn ni ó ń gun ilé náà. Síbẹ̀, bí a ti mọ gbogbo èyí tó, àtẹ́lẹwọ́ wa a máa làágùn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè wa. Ìdí kìíní tí àwàdà yìí kò fi gbó ni pé kò fi ara ti èdè. Àwàdà tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ ẹnu a máa kú bí ọ̀rọ̀ náà bá ti di àtijọ́, a sì máa ṣègbé bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí èdè mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó yọ̀ kò nílò ògbufọ̀. Ojú tí ebi ń pa kò ní ẹ̀yà.

Ìdí kejì ni pé àwàdà yìí mọ ẹni tí ó yẹ kí ó ṣubú. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe arúgbó aláìlera ni omi ń tú sí lójú nínú àwọn eré wọ̀nyí. Olówó onífìlà gíga ni, ọlọ́pàá tí ń fọ́nnu ni, ọ̀gá tí ń jẹgàba ni. Bó pẹ́ títí, ẹni tí ó gẹṣin á sọ̀ kalẹ̀. Sinimá kàn mú kí ó yára sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ jẹ́ ‘bẹ́ẹ̀ ni, sà’ ní ibi iṣẹ́, bí ó bá rí èyí ní alẹ́, ara rẹ̀ a fúyẹ́.

Ìdí kẹta, tí a kà sí pàtàkì jù, ni pé ẹni tí ó ṣubú dìde. Ènìyàn kékeré náà kò ní ohun ìjà, ayé sì kọjú ìjà sí i: afẹ́fẹ́, ọkọ̀ ojú irin, ọlọ́pàá, ebi. Ó ṣubú, ó gbọn eruku dànù, ó tún fìlà ṣe, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

A kò gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ bo àbùkù mọ́lẹ̀. Àwọn eré wọ̀nyí ní ohun kan nínú tí ó ń dun àwa aláwọ̀ dúdú. Keaton fúnra rẹ̀ fi èédú kun ojú nínú eré ọdún 1927 kan láti ṣe bí adúláwọ̀ tí ń gbé oúnjẹ fún ni. Nínú ti ọdún 1925 kan, òyìnbó tí ó kun ojú ni ó ṣe ìránṣẹ́ adúláwọ̀. Àwàdà tí ó mọ bí a ti ń bi alágbára ṣubú gbàgbé ara rẹ̀ níbẹ̀, ó sì bi ẹni tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣubú. Ẹ̀rín irú ìyẹn ti gbó, ó sì yẹ kí ó gbó. Ẹ jẹ́ kí a rántí Bert Williams, adúláwọ̀ tí a bí ní erékùṣù Bahamas ní ọdún 1874, ọ̀kan nínú àwọn aláwàdà tí ó gbajúmọ̀ jù lórí ìtàgé Amẹ́ríkà. Àṣà ìgbà náà mú kí òun náà, bí ó ti dúdú tó, máa fi èédú kun ojú. Ní ọdún 1913, òun àti ọ̀pọ̀ adúláwọ̀ ya sinimá kan tí a kò parí. Àwòrán náà sùn nínú àgọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dé ọwọ́ Museum of Modern Art ní New York ní ọdún 1939, ọdún 2014 ni a sì tó fi í han gbogbo ènìyàn. Ọkùnrin náà ti kú láti ọdún 1922.

Ọ̀rọ̀ Williams mú wa dé ibi tí ọkàn wa ti ń bàjẹ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1927, sinimá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ tí ó sì ń kọrin, láàrin ọdún díẹ̀ ni ayé sì kẹ̀yìn sí èyí tí ó yadi. Keaton ti fi òmìnira rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1928 láti lọ ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ ńlá kan. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe tí ó burú jù ní ayé òun ni. Ọtí mú un, wọ́n sì lé e ní ọdún 1933. Ó pẹ́ kí ayé tó rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n a dúpẹ́ pé wọ́n rántí rẹ̀ kí ó tó kú ní ọdún 1966.

Chaplin ní tirẹ̀ kọ̀. Ní ọdún 1931, nígbà tí gbogbo sinimá ti ń pariwo, ó gbé eré aláìfọhùn kan jáde, orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ni ó sì fi tì í lẹ́yìn. Alágbe náà fẹ́ràn ọmọbìnrin afọ́jú kan tí ń ta òdòdó, ẹni tí ó rò pé olówó ni. Ó wá owó tí wọ́n fi tọ́jú ojú rẹ̀, òun sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí owó náà. Nígbà tí ó jáde, aṣọ rẹ̀ ti ya, ọmọbìnrin náà sì ti ríran. Ó rí alágbe lójú ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín, ó fún un ní òdòdó kan àti owó, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ náà ni ó fi mọ̀ ọ́n. A kò gbọ́ ohùn kankan. Wọ́n wo ara wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìyókù. Ohun tí a fi ṣe fíìmù ìgbà náà a máa tètè gbiná bí ẹ̀tù, a sì máa jẹrà bí a kò bá tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn tí sinimá sọ̀rọ̀, àwọn tí ó ni wọ́n rò pé kò sí èrè nínú wọn mọ́: wọ́n da àwọn kan nù, wọ́n sì yọ́ àwọn mìíràn nítorí fàdákà inú wọn. Ní ọdún 2013, ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba Amẹ́ríkà tí ó wà ní Washington tẹ ìwádìí kan jáde: nínú àwọn sinimá gígùn aláìfọhùn tí ó tó 11,000 tí Amẹ́ríkà ṣe láàrin ọdún 1912 sí 1929, kìkì 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kù ní pípé bí wọ́n ti wà ní àtètèkọ́ṣe. Ẹ̀rín tí ó mì ayé ni iná jó lọ báyìí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa fún ẹ̀yin òbí kò pọ̀. Àwọn eré tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1929 ti di ti gbogbo ayé lábẹ́ òfin ilẹ̀ náà, púpọ̀ nínú wọn sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ẹ pe ọmọ, ẹ pe ìyá àgbà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo yín jókòó pọ̀ níwájú ọ̀kan nínú wọn. Ẹ má ṣe túmọ̀ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn wo ojú wọn bí wọ́n ti ń wò ó. Bí ìyá àgbà àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín ní ìṣẹ́jú kan náà, fún ohun kan náà, ẹ óò mọ ìdí tí a fi kọ ìwé yìí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. A dákẹ́ níhìn-ín.